Ibi Tí Ẹsẹ̀ Wọn Ti Pé

Ẹni tí kò pọn ọmọ rí ni yóò sọ pé aṣọ lásán ni ọ̀já. Bí ìró bá tú nídìí obìnrin, ojú á tì í, á tún un ró, ó parí. Bí ọ̀já bá tú ńkọ́? Ẹ dákun, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó wà lẹ́yìn? Ìdí nìyẹn tí àwọn abiyamọ Ìbàràpá kì í fi ọ̀rọ̀ ọ̀já ṣeré, ìdí rẹ̀ náà sì nìyẹn tí orúkọ Adétóyìn ará Ìdèrè fi kọjá Ìgbó-Ọrà àti Èrúwà, tó dé Ìbàdàn. Ọ̀já kíjìpá ni tirẹ̀, òwú àfọwọ́ran, ó ki, ó le, kì í yọ̀. Àwọn àgbà máa ń wí pé kíjìpá laṣọ ọ̀lẹ. Ó dáa, ẹ ní kí ọ̀lẹ kan wá jókòó sídìí òfì Adétóyìn láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, kó wá sọ fún wa bí ìbàdí rẹ̀ ti rí.

Láńrewájú ló ń ra ọ̀já náà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ tà. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni, oníṣòwò paraku, ó ti pẹ́ ní Ìgbó-Ọrà débi pé ẹnu rẹ̀ ti ń gbàgbé ohùn ilé. Nígbà tí owó Údójì tí ìjọba fi kún owó oṣù dé, tí àwọn akọ̀wé ìjọba ń rajà bí ẹni pé ọjà fẹ́ tán láyé, gbogbo ìyàwó tísà ló fẹ́ ọ̀já Ìdèrè. Ọ̀já kò tó. Kì í ṣe pé kò sí ẹni tí yóò hun ún; agbo ilé Adétóyìn kún fún obìnrin tó mọ òfì. Ẹ̀ẹ̀rùn ni kì í jẹ́ kí wọ́n ṣiṣẹ́.

Ẹ̀ẹ̀rùn kì í dá wá sí Ìdèrè nígbà náà. Òun àti sòbìyà ni wọ́n jọ ń wá. Ara á kọ́kọ́ máa yún ènìyàn, ẹsẹ̀ á wú, á lé róro, róro á tú, nǹkan funfun tín-ín-rín bí òwú á yọrí níbẹ̀, á sì máa jáde díẹ̀díẹ̀, ọ̀sẹ̀ lórí ọ̀sẹ̀, ojú ibẹ̀ á máa ta bí iná. Àgbẹ̀ kò ní lè kọ ebè. Obìnrin kò ní lè jókòó ti òfì. Kò sì sí ẹni tó ń bèèrè pé níbo ló ti wá, torí gbogbo Ìdèrè ló mọ̀ pé inú ara ló wà. Iṣan ni, bàbá ní i, ìyá ní i, a bí i mọ́ni ni. Ara tí kò bá gbà á mọ́ ni yóò tì í síta. Bí sòbìyà bá sì máa degbò, olúgànbẹ là á ké sí: wọ́n á já ewé rẹ̀, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á fi dì í, wọ́n á sì máa retí òjò.

Láńrewájú kò lè retí òjò. Ó fi ọ̀já kan rán àwọn ará Èkó sí ilé iṣẹ́ ahunṣọ kan lókè òkun, ó ní kí wọ́n fi ẹ̀rọ hun irú rẹ̀ wá. Wọ́n dúró, dúró. Òjò dé, òjò lọ, iṣu tuntun jáde, wọ́n ṣì ń sọ pé ọkọ̀ ojú omi wà lójú òkun. Àwọn ọmọ tí wọn ì bá fi pọn ti ń sáré kiri ìta kó tó dé. Nígbà tó sì dé, ẹ wá wo nǹkan! Ó ń dán, ó rẹwà, ó sì ń yọ̀ bí ilá. Wọ́n tún hun ún kúrú. Bó bá yí obìnrin ká tán, kò sí èyí tí yóò fi so ó. Ọmọ kan bọ́ lẹ́yìn ìyá rẹ̀ lọ́jà Tápà, àánú Ọlọ́run ló ní kí aláta kan gbá a mú. Ta lẹ fẹ́ lọ bá jà? Àwọn tó hun ún kò rí ọmọ lẹ́yìn ènìyàn rí láyé wọn.

Nígbà tí Láńrewájú gbé e wá fi hàn án, Adétóyìn rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Bàbá Yẹ́misí," ó ní, "ẹni tí kò mọ bí a ti ń pọnmọ lẹ ní kó bá yín hun ọ̀já."

"Ìyá Abíọ́dún, ẹ rẹ́rìn-ín, ó tọ́ sí mi. Ẹ̀yin náà ẹ wá sọ ibi tí ká gbé iṣẹ́ yìí lọ. Ẹsẹ̀ yín rèé lórí àpótí."

Òótọ́ ni, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ti ń wú lọ́dún náà.

"Kétu," ni Adétóyìn wí.

"Kétu kẹ̀? Ilẹ̀ Faransé ni o!"

"Faransé wo? Ṣé Faransé ló bí wọn ni? Òyìnbó ló fa ìlà sáàárín wa, àwa kọ́ la ní kó fà á. Bí a ti ń kíra níhìn-ín ni wọ́n ń kíra lọ́hùn-ún. Òwú tó bá kúrò lọ́wọ́ mi lónìí, yóò débẹ̀ lọ́la. Bí wọ́n bá hun ún kúrú, n ó gun ọkọ̀ lọ, n ó tú u lójú wọn, n ó sì jẹun wọn kí n tó padà. Ẹni tó wà nítòsí là á bá wí, Bàbá Yẹ́misí. Ẹni tó wà lókè òkun, ẹ̀fúùfù lẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀."

Láńrewájú mirí. Oníṣòwò ni, ọ̀rọ̀ tó bọ́ sí i kì í pẹ́ yé e. Ní ọ̀sẹ̀ náà gan-an ni Adétóyìn di ẹrù òwú, tó wọ ọkọ̀ Zachariah, awakọ̀ kan tó máa ń kó gaàrí kọjá ààlà, tí wọ́n gba Tápà, tí wọ́n gba Igangan, tí wọ́n sì kọrí sí Dàhòmì.

Ó dé Kétu, kò dúró níbẹ̀. Wọ́n fi àwọn ahunṣọ hàn án nínú ìlú, ó kí wọn, ó yìn wọ́n, ó kọjá lọ. Zachariah rò pé iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Rárá o. Ẹsẹ̀ ni Adétóyìn ń wò. Ó ń wo ojúgun, ó ń wo ọrùn ẹsẹ̀, níbikíbi tó bá sì ti rí àpá sòbìyà, á dúpẹ́, á máa bá tirẹ̀ lọ. Báyìí ni ó ṣe dé abà kan tí wọ́n ń pè ní Ìdí-Oṣè, tó rí i tí àwọn obìnrin ibẹ̀ na ẹsẹ̀ sílẹ̀ nídìí òfì, tí ojúgun wọn ń dán láìní àpá kan. Àgbà nínú wọn, ọmọdé nínú wọn, kò sí ọ̀kan. Nílé, àgbàlagbà tó bá ní irú ẹsẹ̀ yẹn, wọn ì bá máa pe ènìyàn wá wò ó bí ìran.

"Ibi tí ẹsẹ̀ wọn ti pé rèé," ó sọ ọ́ fún ara rẹ̀. "Ẹ̀ẹ̀rùn kan kò ní dáṣẹ́ dúró níbí."

Ẹni tó gbà á lálejò ni ìyá kan, tí ọmọ rẹ̀ obìnrin ń jẹ́ Yéwándé. Ẹ̀yìn ikú ìyá ìyá náà ni wọ́n bí ọmọ yìí, ìyá kò sì fi orúkọ pè é rí. "Ìyá mi" ló ń pè é, ó sì dá a lójú pé ìyá òun ni. Yéwándé ti di abiyamọ nígbà náà, ọmọkùnrin kékeré kan wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ yá. Adétóyìn jókòó tì í, ó wo bó ti ń fa òwú le, kò rí ibi tí yóò ti bá a wí, ìyẹn sì dùn ún díẹ̀.

"Ìyá Ìdèrè," ni Yéwándé wí, "kí ló ṣe yín lẹ́sẹ̀?"

Róro náà ti tú lójú ọ̀nà. Adétóyìn tú ewé kúrò, ó fi hàn wọ́n. Àwọn obìnrin pariwo, wọ́n sún sẹ́yìn.

"Ẹ má bẹ̀rù, ẹ̀yin ọmọ. Sòbìyà ni, kì í ranni. Kò sí ara tí kò sí nínú rẹ̀. Tiyín náà ń bẹ níbẹ̀, oorun ló ń sùn."

"Kó máa sùn lọ!" ni Yéwándé wí, gbogbo wọn sì bú sẹ́rìn-ín.

Nílé Adétóyìn, obìnrin tó bá sùn nílé onílé, tó sì ní ẹ̀kọ́, kì í jókòó kí àwọn onílé máa pọnmi fún un. Yóò bá wọn dódò, kódà bí wọ́n bá ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má lọ. Wọ́n bẹ̀ ẹ́, kò gbà. Ó gbé ìkòkò, ó ń tiro bọ̀ lẹ́yìn Yéwándé títí wọ́n fi dé ibi adágún kan tí abà náà ń mu, omi rẹ̀ tutù, ó sì mọ́ lójú. Adétóyìn wọ inú rẹ̀ dé orúnkún. Háà! Ẹ̀yin tí sòbìyà kò bá jà rí, ẹ kò lè mọ̀ ọ́n. Ẹsẹ̀ tó ti ń jó bí iná láti Igangan wá, ńṣe ló rọlẹ̀ wọ̀ọ̀. Ó dúró síbẹ̀, kò fẹ́ kúrò mọ́, ó di ojú, ó ń mí. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ ni Yéwándé ti ń bu omi kún ìkòkò, tó ń bá ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Kí n má purọ́ fún yín, ọdún tó tẹ̀ lé e dára. Ó dára gan-an ni. Òwú ń lọ, ọ̀já ń bọ̀. Àwọn obìnrin Ìdèrè tí sòbìyà dá dùbúlẹ̀, tí wọn kò lè jókòó ti òfì, wọ́n ń ranwú lórí ẹní, iṣẹ́ tiwọn náà sì dé Ìdí-Oṣè. Ìgbà kan tí etí ọ̀já kan ń tú, Adétóyìn wọ ọkọ̀ lọ bá wọn, wọ́n rí ibi tí àṣìṣe wà, wọ́n tún un ṣe, ọ̀já tó pé sì ti dé ọjà kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé wàhálà wà. Láńrewájú ń fi ọwọ́ nu irùngbọ̀n, ó ń sọ fún gbogbo ayé pé òun ló gbọ́n ọgbọ́n Kétu. Adétóyìn kò jà sí i. Yéwándé ti fi páànù bo ilé ìdáná ìyá rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí Adétóyìn bá lọ, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń sùn, ó sì ti sọ fún un pé, "Iṣẹ́ yìí ni yóò kọ́lé fún ọ, ọmọ mi." Ó fẹ́ràn ọmọ náà ju bó ti yẹ kí ènìyàn fẹ́ràn alágbàṣe lọ.

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn mìíràn dé, ọkọ̀ Zachariah padà wá lófìfo.

"Ọ̀já dà?" ni Adétóyìn bèèrè.

"Wọn kò hun ún, Ìyá Abíọ́dún. Gbogbo abà ló dùbúlẹ̀, ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n. Yéwándé ní kí n wí fún yín pé èyí tó ń sùn ti jí o."

Adétóyìn rẹ́rìn-ín. Ẹ má bá a wí. Ohun tó mọ̀ ló fi rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ó ti di ará Ìdèrè nìyẹn." Ó já ewé olúgànbẹ, ó dì í lẹ́rù, ó fi rán Zachariah sí Yéwándé, ó ní kó lọ̀ ọ́ kúnná.

Àárín ọjọ́ díẹ̀ sí i ni nọ́ọ̀sì kan tí ń jẹ́ Rosaline ti Ìgbó-Ọrà wá sí Ìdèrè. Wọ́n kó àwọn ènìyàn jọ sábẹ́ igi, ó ní omi mímu ni sòbìyà ti ń wá. Ẹ̀rín sọ. Bàbá kan bi í pé ṣé kí àwọn máa mu epo ni. Nọ́ọ̀sì náà kò bínú. Ó ní bí ẹni tí sòbìyà rẹ̀ ti tú bá ti ẹsẹ̀ bọ omi, sòbìyà náà á tu ọmọ rẹ̀ síbẹ̀, ojú kò ní rí i. Ẹni tó bá mu omi náà, yóò wà lára rẹ̀ fún bí ọdún kan kó tó yọ. Ó ní kí wọ́n máa sè é kí wọ́n tó mu ún.

"Nọ́ọ̀sì," ni Adétóyìn wí láti ẹ̀yìn, "bí odò kan bá wà tí kò ní i rí ńkọ́, tí ẹni tó ní i wá wọ inú rẹ̀?"

"Ìyá, odò yẹn ti bàjẹ́ nìyẹn. Ní ìwòyí àmọ́dún, àwọn tó ń mu ún á bẹ̀rẹ̀ sí í dùbúlẹ̀."

Àwọn yòókù ṣì ń fi í rẹ́rìn-ín. Wọ́n lè rẹ́rìn-ín, torí wọn kò rí ibòmíràn rí. Adétóyìn rí i. Nínú gbogbo Ìdèrè, òun nìkan ló mọ ibi tí ẹsẹ̀ ti pé, òun ló sì mọ ẹni tó wọ odò ibẹ̀. Ẹ̀rù bà á. Àánú Yéwándé ṣe é, ojú ara rẹ̀ tì í, ó fẹ́ sunkún, ẹkún kò wá.

Ọ̀dọ̀ Láńrewájú ló kọ́kọ́ sáré lọ.

"Bàbá Yẹ́misí, èmi ni mo gbé e lọ bá wọn. Mo fẹ́ lọ sọ fún wọn."

Láńrewájú wò ó tìyanu-tìyanu, ó ti ilẹ̀kùn.

"Ta ló gbọ́? Ìyá Abíọ́dún, ẹ fi ara balẹ̀. Bẹ́ ẹ bá sọ ọ́, wọ́n lè lù yín pa níbẹ̀, wọn kò sì ní fọwọ́ kan òwú wa mọ́ láéláé. Ẹ jẹ́ kó sinmi. Wọ́n ti sọ fún mi nípa abà mìíràn nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, kò jìnnà. Ẹsẹ̀ tiwọn ṣì pé."

Adétóyìn mọ ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀rọ̀ òun gan-an ni ọkùnrin náà ń sọ padà fún un, bí òun ti sọ ọ́ nígbà tí òun ń wo ojúgun kiri bí ẹni ń ra ẹran. Ó dìde, ó jáde, kò sọ pé ó dàbọ̀. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá tètè sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn. Ó wọ ọkọ̀ tó kọ́kọ́ rí.

Ó dé Ìdí-Oṣè lọ́sàn-án. Kò sí ẹni tó wà nídìí òfì. Àwọn obìnrin jókòó síwájú ilé, ẹsẹ̀ wọn nínà, ewé lára gbogbo rẹ̀. Ìyá Yéwándé ló dìde wá pàdé rẹ̀, ọmọ kékeré náà wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Yéwándé dà?" ni Adétóyìn bèèrè, ṣùgbọ́n ó ti rí ẹni tí ọmọ náà wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Ìyá mi tún ti lọ," ni ìyá náà wí. "Egbò rẹ̀ pa dé, a rò pé ó ti san. Àfi bí ẹnu rẹ̀ ṣe dì pa, tí ọrùn rẹ̀ le gbagidi, tí ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀. Ìgbà kejì rèé tí mo sin ín, Ìyá Ìdèrè. Ta ló ń sin ìyá rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì?"

Adétóyìn wó lulẹ̀ níbẹ̀. Ẹkún tó ti ń wá láti Ìdèrè jáde. Nígbà tó lè sọ̀rọ̀, orí ìkúnlẹ̀ ló wà, ó sì sọ ọ́ láìfi kan pamọ́: ẹsẹ̀ òun, adágún, ohun tí nọ́ọ̀sì wí. Ó ní, "Èmi ni mo pa á. Ohun tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe fún mi, ẹ ṣe é."

Wọ́n wo ara wọn. Ìyá Yéwándé fà á dìde, ó fi etí aṣọ nu ojú fún un.

"Ọ̀fọ̀ ló ń mú yín sọ bẹ́ẹ̀," ó ní. "Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ sọ fún wa pé inú ara ló wà, pé kì í ranni? Ṣé ẹ fẹ́ purọ́ mọ́ ara yín nítorí tiwa ni? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fún ọmọ mi níṣẹ́, tó fi kan páànù fún mi kó tó kú. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ẹ rí irú rẹ̀."

"Àmín," ni àwọn yòókù wí. Wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn tí kò lè dìde nínú wọn ń juwọ́ sí i. Ó wu Adétóyìn kí ẹnì kan gbá a létí. Gbogbo ọ̀pá ayé ni ì bá fara mọ́ ju àdúrà yẹn lọ.

Ọ̀dọ́mọbìnrin kan bu omi sínú igbá, ó kúnlẹ̀, ó gbé e fún un. Ó kù díẹ̀ kó gbé e sẹ́nu, torí àṣà ni, ọwọ́ a máa mọ̀ ọ́n kí orí tó rántí. Ó dá a dúró.

"N kò lè mu ún," ó ní. "Ẹ̀yin náà, mo bẹ̀ yín, ẹ má mu ún mọ́. Ẹ sè é ná. Ẹ má fún ọmọ yìí."

Ìyá Yéwándé ń wo igbá náà, lẹ́yìn náà ó wo Adétóyìn, ojú rẹ̀ sì yí padà.

"Omi wa?"

"Ìyá Yéwándé, ẹ gbọ́ mi..."

"Mo sin ọmọ, n kò bá yín jà. Ẹ ní ẹ̀yin lẹ pa á, n kò bá yín jà. Omi la bù fún yín. Omi là á bù wẹ̀, omi là á bù mu, ẹnìkan kì í bá omi ṣọ̀tá. Àwa lẹ fẹ́ bá ṣọ̀tá, Ìyá Ìdèrè. Ó ti tó ọjọ́ mélòó tí omi wa ti ń rùn sí yín?"

"Kò rùn sí mi rí."

"Ẹ gbé e wá."

Ó gba igbá náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e sẹ́nu lójú gbogbo wọn, ó ń mu ún díẹ̀díẹ̀, kò gbé ojú kúrò lára Adétóyìn. Nígbà tó kù díẹ̀ nísàlẹ̀, ó na igbá náà gba èjìká rẹ̀ sí ọmọ tó pọ̀n. Òùngbẹ ti ń gbẹ ọmọ náà. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di igbá mú, ó sì mu ún tán.